Ìyá, Ojú Mi Ló Bo Ọwọ́ Yín

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ fi itan yín ṣe ìrọ̀rí fún orí gbogbo ọmọ àdúgbò,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni, àkọ́bí yín, èyí tó ń gbé Akpakpa ní Kútọnu. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ìwé ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Mi ò tíì mọ̀wé o. Prisca, ọmọ ọmọ mi, ló jókòó tì mí lórí ẹní níbí, òun ló ń kọ ọ́ sínú ìwé káyè rẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́, kó má fi èdè iléèwé ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́. A ò tíì rìn jìnnà, ó ti rojọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì.

“Màmá àgbà, ẹ rọra o, ọwọ́ mi kì í ṣe ẹ̀rọ.”

Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹnu yín nìyẹn, a ò rà á lọ́jà.

Ó rẹ̀ mí, Ìyá. Kì í ṣe àìsàn, ara mi le. Mo ṣì ń pàtẹ abọ́ mi láràárọ̀, mo ṣì ń pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi ra ohun tí wọn ò wá rà. Ojú mi ló rẹ̀ mí, àti inú orí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí mo ti ń wò yín nínú pọ́tábù, fóònù ọwọ́ mi yìí. Fídíò kan ṣoṣo ni, àpótí kan náà lẹ jókòó lé, ọwọ́ yín kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, mo sì ń wá nǹkan kan níbẹ̀ tí mi ò rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìdí rẹ̀, nítorí ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ dìde lórí àpótí yẹn.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Rẹ̀mí, ọmọ Àlàbá àbúrò mi, pè láti Libreville, tó ní òun ti rí ọkọ, tó sì ní irun Mábojúwẹ̀yìn lòun fẹ́ gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì? Inú yín dùn débi pé ẹ gbàgbé pé orúnkún ń dùn yín. Ẹ ní kí wọ́n pe gbogbo wa pọ̀ sójú pọ́tábù, ẹ máa dì í lójú wa, kó má baà jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Àlàbá gbé pọ́tábù tirẹ̀ dání síwájú yín ní Kétu. Èmi wà ní Akpakpa pẹ̀lú tèmi. Rẹ̀mí wà ní Libreville. Prisca wà nínú yàrá rẹ̀ ní Calavi níbi tó ti ń kàwé, òun sì ni pọ́tábù rẹ̀ lè gba ohun tó bá ń lọ lójú ara rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo bí a ṣe ń farahàn lójú pọ́tábù yẹn, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bẹ́ẹ̀ ló ń gbà wá sínú.

Ẹ pe ọmọbìnrin ilé kejì, ẹ gbé orí rẹ̀ lé itan. Ẹ fi òòyà la irun náà, ẹ já òwú dúdú, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ń ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń lọ. Mẹ́rin láti ọ̀tún, mẹ́rin láti òsì, gbogbo wọn ń gun òkè lọ sí àtàrí, ọ̀kan ò gbọdọ̀ sọ̀ sẹ́yìn. Ìpàkọ́ á mọ́ roro. Tí wọ́n bá pàdé lókè, òwú ìkẹyìn á wọlé, á kó gbogbo wọn so, orí ìyàwó á dúró títí di ọjọ́ tí ó bá wù ú. Ibi tí òwú ìkẹyìn yẹn ń gbà wọlé ni gbogbo iṣẹ́ wà. Bó bá ṣì í gbà, kó tó dé ilé ọkọ, irun á ti tú.

Ẹ dì í fún èmi náà lọ́jọ́ tèmi. Mo gbé e lórí ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, mo fi jó, mo fi sùn, mo fi dáná fún ìyá ọkọ. Mi ò rí ibẹ̀ rí. Ta ló ń rí àtàrí ara rẹ̀?

Mo sì lè ti mọ̀ ọ́n, Ìyá. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ máa ń pè mí kí n wá jókòó, kí n wo ọwọ́ yín. Lọ́jọ́ kan, omi ni mo fẹ́ lọ pọn. Lọ́jọ́ kejì, ewúrẹ́ ti já. Ẹ mọ̀ pé a ò ní ewúrẹ́. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín ni, ẹ ní ó dáa, kí n lọ mú un wá. Kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí n máa lọ? Kí ló dé tí ẹ ò fi na mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Àlàbá ńkọ́, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló gbé gbogbo ayé rẹ̀. Àwa ọmọ onídìrí méjì tó kù, kò sí ẹni tó lè dirun tó máa dúró di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí òjò ọdún yẹn dá, ẹ lọ. Ẹ ò pa wá lára, ẹ ò dá wa lágara, ẹ kàn sùn ni. A sin yín dáadáa, ẹ má ṣe àníyàn. Fádà pẹ́ lórí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn dúró.

Ọjọ́ ìgbéyàwó Rẹ̀mí ò yí padà. Nígbà tó ku oṣù kan, ó pè mí.

“Màmá Akpakpa, ta ló máa dirun mi báyìí?”

Mo ní èmi ni. Ẹ ò rí ẹnu mi? Mo ní kó fọkàn balẹ̀, fídíò wà nílẹ̀, mo máa wò ó, mo máa kọ́ ọ. Prisca náà dùn, ó ní òun á gbé e sí ibi tí gbogbo ayé ń gbé fídíò sí, kí àwọn ẹbí tó wà ní Abidjan àti ní Pobè náà lè rí yín. Ó gbé e síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Kó tó di ọjọ́ Ajé, ẹnu ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Ìyá, ẹ ò rí ara yín níbẹ̀. Ojú yín dà bí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ-ìkélé. Ọwọ́ yín, ìka márùn-ún ti di ọ̀kan. Òwú dúdú lórí irun dúdú, gbogbo rẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Bàbá Ìgè, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Abidjan, kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀, Prisca kà á fún mi:

“Ṣé irun ni Ìyá ń dì àbí ẹja ni wọ́n ń yan nínú èéfín? Ẹ nu ojú pọ́tábù yín, ẹ̀yin ará Kútọnu.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Prisca padà sí Calavi, mo jókòó, mo nu ojú pọ́tábù mi pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ aṣọ mi. Bóyá, mo ní bóyá. Ẹrẹ̀ náà ò kúrò.

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti wọ inú iṣẹ́ tí mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Mo wá mọ̀ pé fídíò dà bí aṣọ tí wọ́n ń dì sínú ẹrù. Bí wọ́n bá ń fi í ránṣẹ́ láti pọ́tábù kan sí ìkejì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kó lè gba àyè díẹ̀. Bí ẹni tó gbà á bá tún fi ránṣẹ́, wọ́n á tún un tẹ̀. Aṣọ, ẹ lè fi irin gbígbóná lọ̀ ọ́ kó tún tẹ́. Fídíò ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá já bọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ó ti já bọ́ nìyẹn. Èyí tí Prisca gbé síta yìí, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Àlàbá, Àlàbá wá dá a padà fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tẹ̀ yín kí ẹ tó dé gbangba. Nígbà tó sì gbé e síbẹ̀, àwọn tó ni ibẹ̀ tún tẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo bi Prisca pé ojúlówó rẹ̀ dà, àkọ́gbà. Ó wo ilẹ̀. Inú pọ́tábù rẹ̀ àtijọ́ ló wà, èyí tó já bọ́ sínú ọpọ́n ìfọṣọ.

A gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún pọ́tábù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Porto-Novo. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò nírètí. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé e sétí bí ẹni ń wá èémí rẹ̀.

“Màmá, pọ́tábù yìí ti kú.”

Mo ní, “Ìyá mi náà ti kú, òun gan-an ni mo wá wá. Ṣí i.”

Ó wo Prisca. Prisca ní kó ṣí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gun ọ̀kadà zẹ̀mìjàn lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin yìí. Lẹ́ẹ̀kẹta ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti fi ojú mìíràn sí i, iná ti wọ̀ ọ́, ẹ sì wà nínú rẹ̀, Ìyá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkùnrin náà ti wò yín kí a tó dé. Ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ń dirun báyìí láyé yìí mọ́.

Báyìí ni Prisca ò fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni mọ́. Okùn ló fi fa fídíò náà jáde láti inú pọ́tábù sínú kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀ kó tó gbé e síta, nítorí ibi tí wọ́n ń gbé fídíò sí yìí, wọ́n dà bí àwa tí a ń tajà: oníbàárà tó bá gbé àpò ńlá wá ni wọ́n ń wò lójú. Fídíò tó bá tóbi, wọ́n á fún un láyè. Èyí tó bá kéré, wọ́n á rún un pọ̀. Ó wá ibi tí kọnẹksọ́n íńtánẹ́ẹ̀tì ti le, ó jókòó tì í títí ó fi wọlé tán. Mo ní kó tan án kí n wò ó kíá. Ó tún ṣú.

“Màmá àgbà, kò tíì jinná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sè é tán.”

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi ju gbogbo àlàyé tó kù lọ. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé jáde, èyí tó mọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá sì fẹ́ wò ó dáadáa, nǹkan kékeré kan wà ní igun tó dà bí eyín kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ lá tẹ̀ kó tó mú èyí tó mọ́ jù. Bàbá Ìgè ò mọ̀, ó ti tún bú wa kó tó jinná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí yín.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ èyí. Mo rí ojú ọgbẹ́ kékeré tó wà ní àtàǹpàkò yín, ibi tí ọ̀bẹ gé yín sí. Mo rí òwú, mo rí bí ó ṣe ń yí irun po. Mo rí ìgbà tí ẹ fi ẹnu rẹ òwú kó tó wọlé, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo fi ọwọ́ kan ojú pọ́tábù, fídíò sì dúró. Prisca ní kí n má fọwọ́ kàn án. Mo ní ó dáa. Mo tún fọwọ́ kàn án.

Ẹ wá wo ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn. Ó rọrùn kí n rẹ́rìn-ín sí i, mo sì ti rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí.

Nígbà tí ènìyàn mẹ́rin bá wà lójú pọ́tábù báyìí, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ ń gba gbogbo àyè. Àwọn tó kù á kéré, wọ́n á wà ní ìsàlẹ̀ bí àwòrán orí káàdì. Bí ẹlòmíràn bá lanu, òun ló kàn, òun lá gba àyè. A ò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ìyá ń sọ̀rọ̀, ọmọ kì í dákẹ́ bí ẹni tó kú. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe tọ́ mi. Tí ẹ bá sọ gbólóhùn kan, mo dáhùn. Hẹ̀n, Ìyá. Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọwọ́ yín ò ní rọ, Ìyá. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì ti wí bẹ́ẹ̀, pọ́tábù á gbé yín kúrò, á gbé èmi síbẹ̀. Ẹ fẹ́ fi bí òwú ṣe ń yí hàn, èmi ni wọ́n rí. Ẹ fẹ́ fi ẹ̀bá etí hàn, èmi ni, pẹ̀lú gèlè pupa mi. Lẹ́ẹ̀kan mo tilẹ̀ kúnlẹ̀ kí yín, ohun tó kún ojú pọ́tábù ni ògiri yàrá mi àti kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Prisca kà á: ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá.

Nígbà tí fídíò ṣú, a ò mọ̀. Gbogbo wa la jẹ́ ẹrẹ̀ kan náà. Bí Prisca ṣe tún un ṣe tó, bẹ́ẹ̀ ló ń hàn tó pé èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ti lọ sọ́dọ̀ onípọ́tábù lẹ́ẹ̀mẹta láti lọ ra ẹ̀rí sí ara mi lọ́rùn.

Bàbá Ìgè tún kọ̀wé. Kò dá mi mọ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ríra.

“Ó ti mọ́ báyìí, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ìyá onígèlè yìí tó ń dí wa lójú? Ẹ lé e kúrò níbẹ̀.”

Àlàbá dá a lóhùn láti Kétu kí n tó sọ pé kó fi sílẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣé kó dákẹ́ fún ìyá rẹ̀ ni, bí ẹ̀yin ará Abidjan?” Wọ́n fà á títí ó fi di ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí ní Pobè. Mi ò dá sí i.

Mẹ́wàá nínú mọ́kànlá yẹn, mo lè fara dà á. Ohun tí ẹ ṣe lápá òsì tí ojú mi bò, ẹ tún un ṣe lápá ọ̀tún, mo rí i níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni mi ò lè fara dà. Ẹ ti kó gbogbo mẹ́jọ pàdé ní àtàrí. Òwú ìkẹyìn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ní, “Ibí yìí lẹ fojú sí dáadáa.” Ìgbà yẹn ni mo yin yín. Mo yin yín gan-an, Ìyá. Mo pe yín ní ọmọ ará Kétu, mo pe yín ní ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀, mo kí yín títí mo fi kí bàbá yín nínú ibojì. Mo rò pé ẹ̀yin dákẹ́ ni, nítorí ẹni tó bá dé ibẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Nígbà tí pọ́tábù ò sì gbọ́ ohùn yín, kò sí ohun tó máa gbé yín padà sójú pọ́tábù. Èmi nìkan ni mo kún ibẹ̀, tí mò ń ṣe ẹnu. Nígbà tí mo pa á dé, irun ti so, ẹ sì ti ń nu ọwọ́ yín.

Mo pe Àlàbá. Òun ló gbé pọ́tábù dání, ó jókòó síwájú yín gan-an. Ó ní ẹ̀yìn pọ́tábù lòun ń wò kó má baà mì, torí ọ̀dọ̀ yín ni ojú rẹ̀ kọ sí. Mo ní kó pe ọmọ ilé kejì, ẹni tí ẹ di orí rẹ̀. Ọmọ náà ní òun sùn. Mo bú ú díẹ̀, lẹ́yìn náà mo rántí pé èmi náà máa ń sùn lórí itan yẹn.

Ó ku nǹkan kan. Nígbà tí ojú mi ńlá wà lókè, ẹ ò kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ẹ wà ní ìsàlẹ̀, nínú àyè kékeré tó tó èékánná. Nínú fídíò àkọ́kọ́, àbàwọ́n lásán ló wà níbẹ̀. Nínú ojúlówó yìí, Prisca ní ó ṣeé ṣe kí nǹkan wà. Ó gé ibẹ̀ jáde, ó fẹ̀ ẹ́, ó ní kó máa lọ jẹ́jẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo fi gbogbo ọjọ́ mẹ́rin yẹn bẹ Ọlọ́run àti Màríà Wúndíá pé kí n ṣáà rí ìka yín méjì péré.

Ó gbé e wá lọ́jọ́bọ̀. A jókòó sórí ẹní yìí. Kò mọ́ tó bí èyí tó tóbi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni. Mo rí àtàrí ọmọ náà. Mo rí òwú tó wà láàárín ìka yín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yìn yín, ẹ wá gbé ojú yín sókè. Nígbà tí ẹ gbé e sókè, Àlàbá náà gbé pọ́tábù sókè tẹ̀ lé ojú yín, nítorí ọmọ tó bá rí i pé ìyá òun fẹ́ wo ẹnìkan, á ràn án lọ́wọ́. Báyìí ni ọwọ́ yín ṣe jáde kúrò nísàlẹ̀. Irun jáde. Ojú yín nìkan ló kù.

Ẹ ń wò mí. Ní gbogbo àsìkò tí mo fi ń pariwo, èmi lẹ ń wò. Ẹnu yín ń mì, ẹ ń dá mi lóhùn, pọ́tábù ò sì gba ohùn yín nítorí tèmi ló ga jù. Apá yín ń lọ díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ ń so ó, ẹ ò sì wo ibẹ̀. Ta ló lè so ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ láìwò ó? Kí lẹ ń sọ fún mi, Ìyá? Prisca ti gbọ́ ọ títí, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè títí pọ́tábù fi ń ké. Ohùn tèmi ló ń ké.

Mo sunkún díẹ̀. Prisca náà. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó lọ gbé omi wá.

Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lórí Prisca ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Láti iwájú dé òkè, ó jọ tiyín, kódà ó jọ ọ́ dáadáa, ojú fídíò ni mo ti kọ́ ọ, ọpẹ́ ni fún ọmọ yìí. Bó bá di àtàrí, mo ń ta á ní kókó. Kókó lásán, bí ẹni dẹrù igi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú kó tó di ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró di ọjọ́ kejì, ìyẹn nígbà tí mo gba abẹ́ wọ̀ ọ́ láti òsì. Ṣé òsì ni, Ìyá? Ṣé abẹ́ ni?

Mo pe Rẹ̀mí, mo sọ òótọ́ fún un. Mi ò fẹ́ kó jókòó sábẹ́ ọwọ́ mi kó máa rò pé ọwọ́ yín ni. Mo ní mo mọ ọ̀nà dé ẹnu àtàrí, mi ò mọ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ibẹ̀ mọ́ láyé. Rẹ̀mí dá mi lóhùn:

“Ẹ so ó bí ẹ bá ṣe lè so ó, Màmá Akpakpa. Màá máa rìn jẹ́jẹ́.”

Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ló máa dé. Mo máa dì í ní ọjọ́ Ẹtì, níwájú ilé mi, nígbà tí oòrùn bá tutù díẹ̀. Prisca ti sọ bí a ṣe máa ṣe é. Kì í ṣe pé a máa pe ara wa mọ́, kámẹ́rà pọ́tábù gan-an ló máa dúró lórí ìjókòó gíga, á wo àtàrí nìkan. Ó máa pa gbogbo ìpè, kí iṣẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní iléèwé ń rán sójú pọ́tábù má baà já wálẹ̀ sórí irun, bó ṣe já wálẹ̀ sórí iwájú orí yín nígbà kan nínú fídíò yẹn. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ kó pa ẹnu dé. Èmi ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Ó tún fẹ́ gé gbogbo ibi tí ojú mi ti yọ nínú fídíò yín, kó di tiyín nìkan. Mo ní ó dáa, kó gé mẹ́wàá. Ìkọkànlá, kó má gé e. Kó gbé àyè kékeré yẹn síbẹ̀ dípò ojú mi, èyí tó fẹ̀, tí ẹ ti ń wò mí. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní irun, mo mọ̀. Kí Bàbá Ìgè bú mi.

Mo sì ní kó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ irun yìí lè mọ̀ ọ́n, ní Abidjan, ní Libreville, níbi yòówù kí wọ́n wà: láti iwájú orí dé ẹnu àtàrí, ọwọ́ ìyá mi ni. Ibi tó so ní àtàrí, a ò rí i. Èyí tí ẹ máa rí lórí Rẹ̀mí, èmi ni mo so ó bẹ́ẹ̀, láti òsì, gba abẹ́. Bó bá tú lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n má ṣe bú ìyá mi.

Prisca ti kọ ọ́. Ó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ọwọ́ ń ro ó, mo máa jẹ́ kó sinmi. Ẹ bá mi kí Bàbá.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, tí ọkàn rẹ̀ ò sì kúrò lọ́dọ̀ yín.